Àádọ́ta Tí Mo Fi Pamọ́

Nínú yàrá ẹ̀wọ̀n tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi, òtútù sì ń mú mi. Ooru ni mo fi pa ènìyàn, ibi tó tutù ni wọ́n wá fi mí sí. Adájọ́ ti dá mi lẹ́bi. Ọdún gbọọrọ ni màá lò níbí, ọjọ́ tí mo bá sì jáde, pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n máa mú mi lọ tààrà. Mi ò jiyàn. Mo jẹ̀bi.

Sharjah ni mo ti kàwé kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí mo ṣe tán ni ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ń pa ilé gíga tì láàbọ̀, wọ́n ń lé òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Jìmọ́ ló gbà mí sílé. Ará Ìsẹ́yìn ni, a ò bára tan, síbẹ̀ ó fún mi ní bedspace tiẹ̀, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan tó ń háyà nínú yàrá elérò púpọ̀, ní Karama, òun sì ń sùn sílẹ̀ títí mo fi ríṣẹ́. Síkiọ́ríìtì ni, ó ń ṣọ́ geeti níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Al Barsha.

Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Silicon Oasis ló gbà mí. Bọ́ọ̀dù oníná tó ń sọ bí ooru ṣe tó níbi ilé kíkọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan wà lẹ́nu geeti ẹ̀gbọ́n mi. Òfin ibẹ̀ ni pé bí bọ́ọ̀dù bá ti kọ àádọ́ta, kí gbogbo ènìyàn kúrò nínú oòrùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba nọ́ńbà tí ẹ̀rọ wọ̀n, kí n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí bọ́ọ̀dù lè kọ síta.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi, Sámì, dúró lẹ́yìn mi.

“Habibi, ìrù tó wà lẹ́yìn dọ́ọ̀tì yẹn, gé e dànù. Má sún un sókè o.”

Mo gé e, 49.9 di 49. Nọ́ńbà tó kù tín-ín-tín kó pé àádọ́ta wá ń jáde bíi mọ́kàndínláàádọ́ta. Kí ló burú níbẹ̀? Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nígbà tó yá, ó tún dé. “Àwọn kọ́ńtírakítọ̀ ń ráhùn. Mi ò fẹ́ rí fifty mọ́.”

“Sir, tó bá pé fifty ńkọ́?”

“Kọ forty-nine. Visa ẹ máa tó tán, àbí? Khalas, ó parí.”

Ìlà kan péré ni mo fi kún ìlànà tí mo kọ fún bọ́ọ̀dù: bí nọ́ńbà bá ti tó àádọ́ta, kí bọ́ọ̀dù kọ “49” tí mo ti tẹ̀ sáàárín àmì àyọlò, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n. Nọ́ńbà òtítọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ, mò ń rí i lọ́fíìsì. Ohun tí àwọn tó wà nínú oòrùn ń kà, èmi ni mo sọ ọ́.

Wọ́n tún visa mi ṣe. Ẹ̀gbọ́n Jìmọ́ ṣàdúrà fún mi, ó sì ń fọ́nnu fún gbogbo ará ibiṣẹ́ wọn pé, “Àbúrò mi ló kọ bọ́ọ̀dù yẹn o!”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, méjìléláàádọ́ta ni mo rí lójú kọ̀ǹpútà mi. Sámì ń mú àwọn oníbàárà káàkiri ọ́fíìsì. Fóònù mi dún.

“Àbúrò, orí ń fọ́ mi gan-an, òòyì ń kọ́ mi. Supervisor ní forty-nine ni, kí n má kúrò ní geeti. Abeg, ṣé board yẹn correct?”

Mo wo nọ́ńbà. Mo wo Sámì.

“Ó correct, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mu omi.”

“Okay. Tó bá ti jẹ́ ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó padà sínú oòrùn. Ibẹ̀ ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́.

Mo sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti pa nọ́ńbà òtítọ́ rẹ́, wọ́n bá mi lórí ẹ̀. Èmi, ọmọ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì olóògbé!

Lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n gbà mí láyè kí n bá ìyá ẹ̀gbọ́n Jìmọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

“Ṣé ó pè ọ́ lọ́jọ́ náà?”

“Ó pè mí, Mà.”

“Kí lo sọ fún un?”

Mo sọ gbogbo ẹ̀.

“Mo gbọ́. Kí Ọlọ́run ṣàánú ẹ. Ṣùgbọ́n má pe ara ẹ ní àbúrò ọmọ mi mọ́ láé.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ tí mo kọ́, ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ gé ìrù nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń dúró nínú oòrùn. Bí ó bá fi visa dẹ́rù bà yín, ẹ di ẹrù yín, ẹ máa lọ sílé. Ìyá yín á gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀ bí ẹ ò tiẹ̀ mú nǹkan kan bọ̀. Mi ò ní kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò ni wọ́n ń pè mí ní Karama, ìyá ẹ̀gbọ́n mi sì ti gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.