Bọ̀dá Ló Ṣí Dẹ́kì Sílẹ̀ fún Oòrùn

Rárá o, Àǹtí, ẹ má tíì bẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi ná! Bọ̀dá ló rán yín, àbí? Mo mọ̀. Ẹni tó bà mí lórúkọ jẹ́ lójú gbogbo ẹbí, èmi tí mò ń kọ́lé jẹun, òun náà ló tún fẹ́ kí n wá da dẹ́kì ilé ẹ̀yìn fóun? Ẹ ò rí àyà ńlá! Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é. Lónìí, "ó" ló tó sí i.

Nígbà tí a da dẹ́kì àkọ́kọ́, ìyẹn ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, tán, èmi fúnra mi ni mo fi àpò tútù bò ó bí ọmọ tuntun. Mo ní, "Bọ̀dá, kọnkéré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le, omi ló ń mu. Bí oòrùn àti atẹ́gùn bá yára gba omi náà lára ẹ̀, á súnkì, ibi tí irin àti ògiri ò bá ti jẹ́ kó súnkì, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má ṣí i o!" Ó ní òun gbọ́. Àǹtí, ó gbọ́ lóòótọ́. Nǹkan kan ò ṣe etí ẹ̀.

Àfi bí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣe fẹ́ wá wo ilé. Ó ní àpò yẹn ń jẹ́ kí ilé òun dà bí ẹni tí wọ́n di ọgbẹ́ fún. Ló bá ká a kúrò! Ó tiẹ̀ gbálẹ̀ ẹ̀. Ọ̀sán gangan, àwọn ọ̀rẹ́ ń pàtẹ́wọ́, kọnkéré ń gbẹ.

Nígbà tó wá sán, ta ló pè? Ẹbí ló pè. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń fi tọ ojú ibi tó sán kiri, ó ń mú àlejò yípo bí ẹni ń fi oko hàn. Ó dìde láàárín àwọn àgbà, ó ní iṣẹ́ mi ni ò dáa, pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá wo, Àǹtí? Ibi tí irun orí ò lè wọ̀!

Bí Màmá ṣe gbọ́ "ó sán", wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n mú ẹní jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sùn báyìí, tàwọn ti ìbàdí tó ń dùn wọ́n. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wo òkè kí wọ́n tó dáhùn. Èmi ọmọ tí wọ́n bí!

Síbẹ̀ mo lọ. Mo da omi sí gbogbo ojú ibi tó sán lórí dẹ́kì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, mo ń wo òkè títí ọ̀sán fi di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kán omi kan ò kán sí mi lójú. Ara òkè nìkan ló sán, kò dénú. Mo po sìmẹ́ǹtì tó ṣàn, mo fi dí i. Bọ̀dá jókòó, ó ń wò mí. Ó ní, "O kú iṣẹ́." O kú iṣẹ́! Bí ẹni tí ò mọwọ́ tí ò mẹsẹ̀.

Kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run kẹ̀? Ṣé Ọlọ́run ló ká àpò?

Ohun tí mo fẹ́ kí n tó da dẹ́kì míì fún un ò pọ̀. Kó lọ bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé, "Èmi ni mo ṣí i." Ẹ ní kí ni? Ó wà níta? Ó sì gbọ́ gbogbo ẹ̀? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má pè é wọlé. Kó máa lọ níwájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá débẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ dípò ọ̀rọ̀, mo fi bàbá tó bí wa búra, màá mú Màmá wá sílé tèmi, kí òun àti dẹ́kì ẹ̀ jọ máa wo ara wọn!