Ògiri Tí Mo Fẹ̀yìn Tì

Imú mi yìí ti gbóòórùn òjò tó jò sínú mọ́tò ní ogójì ọdún sẹ́yìn rí. Mo sọ ọjọ́ tó rọ̀, mo sọ wákàtí, mo tún sọ orúkọ ìkùukùu tó rọ̀ ọ́. Bí mo ṣe máa ń pariwo káàkiri aṣálẹ̀ Arizona nìyẹn, níbi tí àwa arúgbó ti ń sá fún òtútù wá gbé inú ọkọ̀-ilé, mọ́tò gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú. Tẹ́nikẹ́ni bá fẹ́ ra ògbólógbòó, èmi Otis Crandall ni wọ́n ń pè pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kí n tó kú.

Lorena Haskell, opó láti Nebraska, ta ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́, ó fẹ́ fi gbogbo owó náà ra ọkọ̀-ilé Duane, aládùúgbò mi níbẹ̀. Kò níbòmíràn tí yóò sùn mọ́. Duane fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì ti jẹrà, Otis. Tó o bá lè pa ẹnu mọ́, jẹnẹrétọ̀ mi di tìẹ." Mo bá a lẹ pépà tuntun mọ́ ògiri. Táyà ló wá burú jù. Ọkọ̀ tó ń dúró sójú kan, táyà rẹ̀ kì í jẹ, ó kàn ń gbó ni. Nọ́mbà mẹ́rin kan ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì máa ń wà. Táyà iwájú wọ̀nyẹn ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. A bọ́ wọn kúrò lára rìmù, a yí nọ́mbà sínú. Ọwọ́ mi yìí ló yí i.

Lorena dé, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ògiri bí ẹni ń yan èso tó pọ́n. Mo yára fẹ̀yìn ti ibi tó rọ̀. "Otis, ẹ sún díẹ̀, kí n tẹ ibẹ̀ yẹn." "Ìyá Nebraska, ẹ̀yìn ló ń dùn mí! Tí mo bá kúrò níbí, ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n mí lọ sọ́sibítù." Ó rẹ́rìn-ín: "Ariwo ni gbogbo yín!" Lójú kan náà, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ àbúrò yín ló fẹ́ rà á ńkọ́? Ṣé ẹ máa jẹ́ kó gbé e wọ títì?" "Èmi gan-an ni màá tì í wọlé!" Ẹ wò mí, ọ̀dájú. Ó dì mọ́ mi, ó dúpẹ́, ó sì sanwó fún Duane.

Lọ́jọ́ kẹta, táyà iwájú bẹ́ lójú títì, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Lorena yọ, àmọ́ apá rẹ̀ kán, ilé rẹ̀ sì fọ́ yángá. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Lorena, ẹ foríjì mí, bí irú èyí bá ní ìdáríjì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, níbi tí gbogbo wa ti ń jẹ páńkéèkì àárọ̀ Sátidé, mo ń fi imú mi yangàn fún tọkọtaya tuntun kan. Lorena wọlé pẹ̀lú apá tí wọ́n dì, ó ju àjákù táyà sórí tábìlì mi. "Ẹ̀gbọ́n onímú, ẹ ka nọ́mbà yẹn sókè. Ẹ̀gbẹ́ inú ni mo ti bá a." "Mi ò... mi ò mú awò mi wá." "Awò wà lójú yín!" Duane tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Lorena kà á sókè fúnra rẹ̀: "Ọdún mẹ́tàdínlógún!"

Mo dìde, mo sá, èmi ẹni àádọ́rin ọdún. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń lé mi. Gbogbo wọn ti dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn, kálukú lábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì wá nọ́mbà lára táyà tí mo ti bá wọn yẹ̀ wò.