Lẹ́tà Tí Mo Rẹ Sómi Nílé Alága

Ẹ pa ìwé tí ẹ kọ ìbéèrè sí yẹn dé ná, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Òun gan-an ni mo nílò. Ẹ ní kí n wá sọ bí mo ṣe ń fọ aṣọ Alága nílé yìí nígbà tó fi jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ìlú, kí ẹ lè fi í sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹ fẹ́ ṣí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá sọ ọ́. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí mo ti gbé mì láti ọdún méjìdínlógójì, ó sì gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Mo ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, dókítà sì ní ọkàn mi ti rẹ̀. Ẹ má fajú ro. Irú oorun tí mo sùn mọ́jú òní, ó ti pẹ́ tí mo ti sùn ún.

Inú yàrá yìí ni mo ti ń fọṣọ. Ọpọ́n sìmẹ́ńtì méjì wà níbi tí ẹ gbé tábìlì sí yẹn. Mo mọṣẹ́, mi ò ní fi ìtìjú sọ ọ́. Kí aṣọ tó kan omi, ọwọ́ mi ti dé gbogbo àpò rẹ̀, tìta, tinú, títí kan èyí tín-ín-rín tí àwọn ọkùnrin ń fi aago sí. Ohun tí mo bá rí, abọ́ páànù kan wà lójú fèrèsé, ibẹ̀ ni mò ń kó o sí. Mo ti rí bọ́tìnnì, mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, mo ti rí eyín àtọwọ́dá Alága fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tó fi ń pàṣẹ láìléyín tí gbogbo ilé ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò fọ nǹkan kan mọ́ àpò rí. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Alágbàfọ̀, tí wọ́n bá fi ọ́ ṣe ọlọ́pàá, olè kankan ò ní ṣẹ́kù nílùú."

Ọ̀rọ̀ akọ̀wé yìí ni mò ń bọ̀ wá sọ. Ìlú ra ilẹ̀ kan láti fi kọ́ ilé ìwòsàn. Alága pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ náà ò ṣeé kọ́lé sí. Akọ̀wé kọ lẹ́tà sí i pé òun ò lè ṣe é. Alága fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì sísàlẹ̀ lẹ́tà náà, ó ní, "Ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe, kí o sì pa ẹnu ẹ mọ́." Ó buwọ́ lù ú. Mo mọ̀, torí mo kà á.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni tíì dà sára jákẹ́ẹ̀tì akọ̀wé níbi ìpàdé lókè. Ó sáré gbé e wá fún mi, ó sì padà lọ. Mo wo àpò bí mo ṣe ń ṣe, mo bá lẹ́tà náà nínú èyí tó wà nínú, mo kà á, mo fi í sínú abọ́. Kò tó wákàtí kan tí àwọn ọlọ́pàá dé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti bẹ́ síta, Alága sì ti sọ pé akọ̀wé ló tà á. Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá lẹ́nu ọ̀nà yìí, ó yọjú sí mi, ó ní, "Alágbàfọ̀, má gbàgbé wo àpò jákẹ́ẹ̀tì mi o." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà." Alága ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó gbọ́.

Alága ò wọ yàrá yìí rí. Ọjọ́ yẹn ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú lẹ́tà nínú abọ́, ó wò ó, ó dá a padà. Ó ní, "O ti fọ jákẹ́ẹ̀tì yìí?" Mo ní, "Rárá, sà." Ó wo ẹní tí èmi àti ọmọbìnrin mi ń sùn lé ní kọ̀rọ̀ yẹn, níbi tí omi ti ń rin wá tí òjò bá rọ̀. Ó ní, "Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ọgbà, tìẹ ni títí o fi máa kú. Màá kọ ọ́ sínú ìwé. Fọ jákẹ́ẹ̀tì yẹn pẹ̀lú ohun tó bá a wá." Ó jáde. Ẹ lè ní kí ló dé tí kò fi fa lẹ́tà náà ya fúnra rẹ̀. Ó gbọ́n. Tó bá fà á ya, èmi di ẹlẹ́rìí. Tí mo bá fọ̀ ọ́, a ti jọ wà nínú ẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀, torí ibi tó burú jù nìyí. Mi ò gbàgbé, ẹnikẹ́ni ò sì fipá mú mi. Èmi yìí mú lẹ́tà náà nínú abọ́, mo ká a bó ṣe wà, mo tì í padà sínú àpò tí mo ti yọ ọ́, mo de bọ́tìnnì rẹ̀. Mo da omi gbígbóná, mo bu ọṣẹ sí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì rún àpò yẹn títí ohun inú rẹ̀ fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí mò ń rò bí mo ṣe ń rún un? Àwọ̀ kọ́tìnnì tí màá fi sí yàrá tuntun. Ojú ò tì mí rárá.

Nílé ẹjọ́, akọ̀wé ní lẹ́tà Alága wà nínú jákẹ́ẹ̀tì òun, èmi ní mo gbàgbé wo àpò. Adájọ́ gbà á, ta ni kì í gbàgbé nǹkan? Akọ̀wé kàn wò mí ni. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣẹ̀wọ̀n. Alága kú sórí àga rẹ̀. Èmi ń gbé yàrá méjì, ọmọ mi kàwé níbẹ̀, ó sì yege. Ká má parọ́, mo gbádùn ibẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ wá kan pátákó mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, pé akọ̀wé ló ta ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Mo kà á. Láná, mo lọ sílé rẹ̀. Ìwé tó ti ya ló ń bá àwọn èèyàn dì jẹun látìgbà tó ti tẹ̀wọ̀n dé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Eékún mi wá kọ̀, kò lè dìde mọ́, òun náà ló fà mí sókè. Ó ní, "Mo mọ̀. Ìwọ, kó o gbàgbé àpò?" Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún adájọ́?" Ó ní, "Kí n ní kí ni? Pé alágbàfọ̀ yìí mọṣẹ́ ju kó ṣe àṣìṣe lọ?" Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì, tèmi sì di ẹkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó ní, "Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́, kí n lè ráyè ṣiṣẹ́ mi. Àmọ́ ilé ìwé àwọn ọmọ ọmọ mi ń kó wọn bọ̀ wá wo ilé yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ka orúkọ mi bẹ́ẹ̀ lára ògiri. Ibi tí o ti ṣe é ni kó o ti lọ sọ ọ́."

Mo ti wá sọ ọ́. Ẹ lè gba yàrá méjèèjì, mo ti di ẹrù mi, ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹnì kan bá gbé ohun tí ẹ ti ń wá lójú méjèèjì fún yín, ẹ béèrè ẹni tó máa san owó rẹ̀. Èmi ò béèrè, torí mo mọ̀.

Ẹ bá mi wá àkàbà, ẹ yọ pátákó yẹn. Orúkọ Alága ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kí ẹ sì kọ tèmi tẹ̀ lé e. Akọ̀wé àtàwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì láti àárọ̀, ó ní òun ò ní wọlé tí pátákó náà bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣe kíá, oòrùn ti ń mú, kí n lè lọ pè wọ́n wọlé.