Pátákó Gbogbo Wa Ni Mo Nù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Tanke ni mo ń gbé ní Ìlọrin. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni ẹrù yìí ti wà lọ́rùn mi. Ọkọ mi kú láìmọ̀ nípa rẹ̀. Pásítọ̀ mi kò mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹni tí mo ṣẹ̀ jókòó ní pálọ̀ mi, ó bi mí ní ìbéèrè kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Nígbà náà, mo ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan nílùú yìí. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà díẹ̀, wọ́n sì fi wáyà so wọ́n mọ́ ọ̀kan tó tóbi. Sàlíù ló ń bójú tó yàrá náà. Àbúrò ló jẹ́ sí mi lọ́jọ́ orí, ọmọ oníṣòwò tí àwọn baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Haúsá wá. Èmi, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, a máa pè é ní Alfa, òun a sì máa pè mí ní Àǹtí.

Sàlíù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò kan tí àwa olùkọ́ ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹ ṣe ń ṣí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ibẹ̀ la ń kọ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò nínú kíláàsì sí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí òun ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó ní, "Àǹtí, olúkúlùkù yín ló ní sílétì tirẹ̀. Bí ẹ bá nu sílétì yín, tiyín nìkan lẹ nù. Ṣùgbọ́n pátákó kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa. Àárọ̀ la máa ń gbé e jáde, gbogbo wa la ń kọ̀wé sí i, ẹni tó bá sì kẹ́yìn ló máa gbé e wọlé sínú kọ̀ǹpútà ńlá láti tọ́jú rẹ̀. Bí pátákó bá ṣe rí nígbà tí ẹ bá gbé e wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí nígbà tí a bá tún gbé e jáde."

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Alfa, ẹ̀rọ yín yìí kò ní béèrè sàárà lọ́wọ́ wa báyìí?"

Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí. Ó ń gbààwẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti mú iná lọ." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó fẹ́ lọ kírun, kò sì ní padà wá mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi gbé pátákó wọlé. Ẹ̀yin ni ọkàn mi balẹ̀ sí." Ìdí kọ̀ǹpútà ńlá náà ni mo jókòó sí, èyí tí òun nìkan máa ń lò.

Mo ti ṣe àṣìṣe nínú àwọn máàkì tí mo kọ. Mo ti gbé ti ọmọ kan fún èkejì. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí. Mo rí bọ́tìnì kan tó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo rò pé sílétì mi ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé náà mọ́ tónítóní. Inú mi dùn, mo ní ó di Mọ́ńdè kí n tó tún tèmi kọ. Mo gbé pátákó wọlé bó ṣe kọ́ mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ ọkọ̀ lọ sílé.

N kò mọ̀ pé lórí kọ̀ǹpútà ńlá, pátákó gbogbo wa ni bọ́tìnì náà ń nù. Pátákó òfìfo ni mo gbé wọlé lé èyí tó kún lórí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Sàlíù dé ṣáájú wa. Ìṣe rẹ̀ ni pé kó tó ṣí ohunkóhun, á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà pátákó sórí dísíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó fi ń tọ́jú rẹ̀, tuntun á sì rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà má bàa ba ti àná jẹ́. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣí i wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lórí ẹ̀dà mọ́. Iṣẹ́ sáà kan gbáko, ti gbogbo wa.

Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, àbí?"

Mo ní, "Rárá o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi pè é ní irọ́ kékeré. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ pé irọ́ kì í ní kékeré. Ẹ̀rù ló bà mí. Tèmi náà wà nínú ohun tó ṣòfò, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí mi.

Ọ̀gá wa pè wá jọ. Ó bi wá pé ta ló gbé pátákó wọlé kẹ́yìn. Mo dìde, mo ní, "Èmi ni, sà. Bí Sàlíù ṣe kọ́ mi ni mo ṣe gbé e wọlé." Kò sí irọ́ nínú ìyẹn, òun ló sì burú jù. Sàlíù sọ̀rọ̀ kí n tó jókòó. Ó ní, "Sà, Àǹtí kì í ṣe wúruwùru. Ètò tí mo kọ ló ní àléébù."

Wọ́n ní kó lọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò kí i mọ́, torí wọ́n ní láti tún iṣẹ́ wọn ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì pẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé. Èmi nìkan ló ń lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá rẹ̀ nítòsí Pósọ́fíìsì. Ó rò pé ìfẹ́ ni. Èmi ni wọ́n wá fi yàrá kọ̀ǹpútà náà lé lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Láti ìgbà náà, kò sí Iléyá tí Sàlíù kì í fi ẹran ránṣẹ́ sí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, pẹ̀lú Ràlíá, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé kọ̀ǹpútà jáde. Ọmọ náà ní òun bẹ bàbá òun kó wo ètò kan tí òun kọ, ó kọ̀. Sàlíù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọwọ́ tó ba iṣẹ́ odindi ilé ẹ̀kọ́ jẹ́, mi ò fẹ́ kó kan tìrẹ. Lẹ́yìn asùbáà, mo ṣì máa ń ro ètò yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò rí àṣìṣe náà títí dòní."

Ó wá nàka sí mi. "Màmá yìí nìkan ló dúró tì mí."

Nígbà tó jáde lọ ṣe àlùwàlá, Ràlíá sún mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Kí ni bàbá mi ṣe gan-an?"

Mo ní kó jẹ́ kí n bu omi tútù fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, mo gba ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó rò pé òun ní lọ́wọ́ rẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, á máa wá àṣìṣe tí kò sí títí tí yóò fi kú.

Ràlíá ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ wá gba abọ́ tí wọ́n fi gbé ẹran wá. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti nù ún gbẹ, ó wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nílé tiwa, a kì í dá abọ́ ẹlòmíràn padà lófìfo. Kí ni kí n fi sínú rẹ̀?