Pèrègún Mẹ́rin Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Mọ̀dínátù, ọmọ Yésúfù, ọsàn mẹ́fà tí o kó wá kí mi lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ mọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo jókòó tì mí, o bó ọ̀kan, o gé e lórí, o sì gbé e lé mi lọ́wọ́ kí n máa fà á mu. O wá sọ pé, "Bàbá, bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ yín dáadáa kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá àwọn ṣọ́ oko lọ́dún tí ìjọba gbà á." Ọsàn náà há mi lọ́fun. O rò pé ikọ́ ni, o ń gbá mi lẹ́yìn. Ikọ́ kọ́, ọmọ mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, mo sì ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òótọ́ ní kọ̀rídọ̀ wa. Dókítà ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé kíndìnrín mi ti fẹ́ parí iṣẹ́. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Nítorí náà ni mo ṣe mú ìwé àti gègé, kí n kọ ọ́ fúnra mi kí ilẹ̀ tó bò mí: ìjọba kọ́ ló gba oko bàbá rẹ. Èmi Ràímì ni.

Kí o tó ṣẹ́ èpè lé mi, jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Oko ni Ayọ̀bọ̀ nígbà náà, kò tíì sí onílé olókè kankan. Bàbá mi, Jàfárù, ló nilẹ̀ láti etí odò títí dé ìdí òkè. Bàbá rẹ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ìyá rẹ àti àdá méjì, ó ní kí bàbá mi fún òun níbi tí òun yóò máa dáko sí. Bàbá mi fún un. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin pèrègún mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà lójú mi, ó ní, "Yésúfù, láàárín mẹ́rin yìí, ìwọ àti ọmọ rẹ lẹ ni ín. Ràímì, o gbọ́ o." Mo ní mo gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fi pèrègún sààlà ti parí ọ̀rọ̀. Igi náà kì í kú bọ̀rọ̀, ẹnì kan kì í sì í fà á tu.

Láàárín ọdún mélòó kan, ọsàn bàbá rẹ ti ń so débi pé láti Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti ń wá rà á. Bó bá ká àkọ́ká, bàbá mi ló ń kọ́kọ́ gbé e fún. Nígbà tí ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, òun ló ń mú un lọ sí ọsibítù l'Ékòó. Bí wọ́n bá pe èmi, mo ti jáde. Síbẹ̀ inú ń bí mi pé òun ló ń lọ! Wo ìwà. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni bàbá mi ń sọ pé, "Ràímì, wo Yésúfù. Yésúfù ti kírun. Yésúfù ti dé oko bọ̀. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yán." Ṣebí àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn? Bàbá mi fi ìlẹ̀kẹ̀ tèmi sídìí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó wá bà mí nínú jẹ́ pátápátá ni awọ àgbò tí bàbá bàbá mi fi ń kírun. Èmi ni àrẹ̀mọ, èmi ló yẹ kí n jogún rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo wọ mọ́ṣáláṣí, mo sì rí i lábẹ́ orúnkún Yésúfù. Mo bi bàbá mi léèrè, ó ní, "Ìwọ, ìgbà wo lo kírun gbẹ̀yìn?" Mo jowú, Mọ̀dínátù. Mo jowú bí ìyàálé tí ọkọ rẹ̀ gbé ìyàwó tuntun wọlé. Ọkùnrin bíi tèmi!

Ọdún yẹn náà ni sójà dé ọ̀dọ̀ wa. Ogun ti parí, sójà pọ̀ nílẹ̀ ju ibi tí wọn yóò máa gbé lọ, inú ilé ẹ̀kọ́ àti ilé onílé ni ọ̀pọ̀ wọn wà káàkiri ìgboro. Owó epo sì ń wọlé, ìjọba wá ní òun yóò kọ́ bárékè fún wọn lẹ́yìn ìlú. Kápútéènì Báyọ̀dé, ẹnjiníà inú iṣẹ́ ológun, ni wọ́n rán wá wá ibi tó dára. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó gbà mí kí n máa bá wọn fa ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Orí òkè ló yàn. Ó mú mi gun ibẹ̀, ó nawọ́, ó ní, "Wò ó, Ràímì. Mo ń rí ọ̀nà Abẹ́òkúta láti ibí. Omi ò lè dúró síbí. Bí wàhálà bá dé, kí wákàtí kan tó pé, àwọn ọmọ mi ti bọ́ sójú títì. Sójà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ́lé sí ìsàlẹ̀." A wọn òkè náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ẹnì kan tó sún mọ́ ìjọba ti ra orí òkè, ó fẹ́ kọ́ ilé ńlá síbẹ̀. Kí wọ́n gbé bárékè sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀bá odò. Kápútéènì kọ̀wé padà pé ẹrẹ̀ ni ibẹ̀, ọkọ̀ ogun yóò rì. Wọ́n dá a lóhùn pé kó wọn ilẹ̀, pé àwọn ò ní kó máa ronú. Ó ka lẹ́tà náà sí mi létí, ó pòṣé, ó ní, "Ogun kì í béèrè ẹni tó nilẹ̀, Ràímì. Òṣèlú ló ń béèrè. Kákí la wọ̀ o, òṣèlú la sì ń ṣe."

Apá méjì ni bárékè lè gbà lẹ́bàá odò yẹn. Apá ọ̀tún jẹ́ ilẹ̀ ẹbí wa tí a ò dá, igbó lásán. Apá òsì ni ọsàn bàbá rẹ. Kápútéènì ní apá ọ̀tún ló wu òun, kí òun má ba oko ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó ní àṣẹ tí wọ́n fún òun ni pé ẹni tó bá ní ààlà tó hàn, kí wọ́n yà fún un, bí wọn ò bá sì lè yà fún un, kí wọ́n fún un nílẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi. Mo rò ó pé bí àwọn èèyàn ńlá bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo gbé bárékè kúrò lórí òkè, èmi náà lè fi ẹnu lásán gbé e lọ sórí ọsàn. Èmi àti àwọn náà, kí la fi yàtọ̀ síra? Wọ́n ṣe tiwọn nítorí owó, mo ṣe tèmi nítorí ìlara.

Bàbá rẹ fẹ́ lọ ṣe Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gbé ọ sọ́rùn, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́, o ti ká eyín iwájú. Ó yà sílé wa, ó ní, "Ràímì, àbúrò mi, bá mi ṣọ́ oko o. Ọsàn ti ń pọ́n, kí wọ́n má baà sọ ọ́ lókò." Mo ní, "Kò séwu, Bọ̀dá Yésúfù. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire." Ẹnu tí mo fi ń mu ọsàn rẹ yìí náà ni. Láàárọ̀ Iléyá, nígbà tí gbogbo ìlú ń lọ sí yídì, mo sọ fún bàbá mi pé inú ń run mí. Mo mú àdá, mo mú ọkọ́, mo gba oko lọ. Mò ń gbẹ́ ìdí pèrègún kejì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń gbé Ọlọ́run ga láti yídì. N kò dúró. Mo hú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dí ihò wọn, mo fi koríko bò ó. N kò lè fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, mo bá rù wọ́n wálé, mo jù wọ́n sẹ́yìn balùwẹ̀. Nígbà tí bàbá mi dé, mo bá wọn jẹ ẹran àgbò, mo tún ní kí wọ́n fi kún un.

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, mo mú Kápútéènì dé oko. Ó ní, "Ta ló ni ọsàn yìí?" Mo ní, "Tiwa ni, ọ̀gá." Ó ní, "Yésúfù tí mò ń gbọ́ ńkọ́?" Mo ní, "Alágbàṣe wa ni. Ẹ gba ibí yìí, ọ̀gá, ẹ bá wa fi apá ọ̀tún sílẹ̀, sàréè àwọn baba wa wà níbẹ̀." Kò sí sàréè kankan níbẹ̀. Ó ṣì ń wò mí nígbà tí a gbọ́ ìró ọ̀pá. Bàbá mi ni. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un. Bàìbàì ló ń ríran nígbà náà, ọ̀pá ló fi wá ọ̀nà dé oko. Ó ní, "Ọ̀gá sójà, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ Yésúfù nìyí. Èmi Jàfárù ni mo fún un, pèrègún mẹ́rin ni mo fi sààlà rẹ̀. Ẹ wá wò ó." Ó di Kápútéènì lọ́wọ́ mú, wọ́n dé igun àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Wọ́n dé ìkejì. Ní igun kẹta, bàbá mi kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a nínú koríko, ó ní, "Ibí ló wà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbìn ín." Mo lè sọ òótọ́ nígbà náà, ọmọ mi, àánú rẹ̀ ti ṣe mí. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbójú sókè, ó ní, "Ẹ bá mi pe Yésúfù. Yésúfù ò ní purọ́." Mo dúró tì í, ó mọ̀ pé mo dúró tì í, Yésúfù ló ń pè. Ìlara bò mí lójú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má dá wọn lóhùn. Bàbá ti ń ṣarán."

Bàbá mi ò jà. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ń wá ọ̀pá. Mo fẹ́ gbé e fún un, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Kápútéènì wo bàbá, ó wò mí, ó sì kọ ohun tí mo sọ sínú ìwé. Mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́ tán, àmọ́ wọ́n ti fi lẹ́tà kan kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" ohun tó ń sọ ni, "Mi ò mọ̀. Mo ti ń ṣarán." Títí tó fi kú lọ́dún kejì, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn pèrègún ta gbòǹgbò níbi tí mo jù wọ́n sí, wọ́n yọ ewé. Mo bá bàbá mi níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó fọwọ́ kàn wọ́n, ó kà wọ́n dé mẹ́rin, ó wá da omi àlùwàlá tó kù nínú kẹ́tùlù rẹ̀ sí wọn nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá rẹ dé, ó bá katapílà lórí ọsàn rẹ̀. Ó ní, "Ràímì, ìwọ ni mo ní kí o bá mi ṣọ́ ọ." Mo ní, "Ìjọba ni, Bọ̀dá. Ta ló lè bá ìjọba jà?" Ó gbà mí gbọ́! Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọn ò fún un nílẹ̀ mìíràn, torí alágbàṣe ni mo pè é. Ó kó yín lọ sí Ìgándò, ó ń ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn tó ń kọ́lé, kò sì gbin igi kankan mọ́ títí tó fi kú. Bárékè ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún Údójì, ọdún tí ìjọba fi owó kún owó oṣù tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń ra tẹlifíṣọ̀n, ìjọba yí padà. Àwọn tuntun ní àwọn ò fẹ́ ibi tí àwọn àtijọ́ yàn, wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, wọ́n sì gbé Kápútéènì Báyọ̀dé lọ sí Òkè Ọya. Kò sí sójà kan tó sùn níbẹ̀ rí. Katapílà kan rì sínú ẹrẹ̀ bó ṣe wí, ibẹ̀ ló dípẹtà sí. Nígbà tó yá, mo gba ilẹ̀ náà padà bí ilẹ̀ ẹbí, mo ń tà á ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Òun ni mo fi kọ́ ilé tí o wá kí mi sí.

Púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló kù, ní igun kẹta, níbi tí bàbá mi kúnlẹ̀ sí. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn pé tìrẹ ni, mo sì ti tẹ ìka sí i. Abigail, nọ́ọ̀sì tó ń fún mi lábẹ́rẹ́, ni yóò mú méjèèjì wá fún ọ. Mo mọ̀ pé kò tó. Dárí jì mí bí o bá lè. Bí o kò bá lè, mi ò ní bá ọ jà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá bá Mọ̀dínátù ka ìwé yìí, àwọn èèyàn ńlá yóò máa fi ìlú ṣe tara wọn, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn bo tiyín mọ́lẹ̀. Àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn ò mọ Yésúfù rí. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Lánàá, Ṣàfíù, àkọ́bí mi, bá mi nídìí ìwé yìí. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì náà. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó fi aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀. Ìgbà tó dé kọ̀rídọ̀ ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Má dá wọn lóhùn jàre. Bàbá ti ń ṣarán." N kò bínú sí i. Ohun tí wọn yóò sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà náà nìyẹn bí o bá dé. Má bá wọn jiyàn. Kí wọn, kí o gba ẹ̀gbẹ́ kíṣìnì dé ẹ̀yìn balùwẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ti ga ju òrùlé lọ. Mú àdá dání, kí o gé ẹyọ kan lọ gbìn sí igun kẹta.