Òpó Keje Tí N Kò Ya Fọ́tò Rẹ̀

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń tọ́jú afárá àti ọ̀nà ìlú, ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi títí ọwọ́ fi ń ta yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àtẹ́wọ́ yín padà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ kan mì, ó sì ti tó gẹ́ẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún ọdún kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Mo ti sọ ọ́ lójú àwọn tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń sùn fọnfọn. Ẹ má retí ẹkún nínú ìjẹ́wọ́ yìí o. Inú mi dùn débi pé orin ń bọ́ lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ọkọ mi sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ara mi yá.

Èmi ni ẹ mọ̀ sí Ìyá Ẹyẹ. Dúróònù ló fún mi lórúkọ náà, ẹ̀rọ kékeré alábẹ̀bẹ̀ mẹ́rin tó ń fò, tó sì ń ya fọ́tò. Ibi tí ènìyàn kò lè dé láìfi okùn so ara rẹ̀ rọ̀, ibẹ̀ ni mo ń rán an lọ: abẹ́ afárá, orí òpó iná, ẹ̀gbẹ́ àgbá omi ńlá tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Èmi á dúró sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà mi tó mọ́ tónítóní, màá máa wo gíláàsì ẹ̀rọ ìdarí tó wà lọ́wọ́ mi, màá sì máa rí nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà jù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi tẹ lẹ́tà fún àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ náà sì kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ àtàǹpàkò mi, mo pariwo bí ọmọ iléèwé.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà kí dúróònù tó dé ni Bàbá Okùn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Á so ara rẹ̀ mọ́ okùn, á rọ̀ sísàlẹ̀ afárá, á fi òòlù kékeré kan òpó kọ̀ọ̀kan, á gbé etí lé e. Ẹlòmíràn ì bá bínú pé ẹ̀rọ gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Lọ́jọ́ tí a tú dúróònù sílẹ̀ nínú páálí, ó jó yí i ká, ó ní, "Ìyàwó, ẹyẹ ti dé! Èmi àdán, mo ti rọ̀ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn ń dùn mí." Òun ló mú mi káàkiri tó fi òpó tó lágbára àti èyí tó ń ṣàárẹ̀ hàn mí, bí ẹni ń fi ẹbí han ìyàwó tuntun. Ẹ fi oore yìí sọ́kàn, kí ẹ lè mọ bí ìwà mi ṣe burú tó.

Afárá ńlá tó kọjá lórí odò ní òpó mọ́kànlá. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo gbọ́dọ̀ ya orí òpó kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tọkọtaya àwòdì kan wá ń gbé lórí òpó keje. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rán dúróònù débẹ̀, èyí tó jẹ́ akọ nínú wọn já wálẹ̀ gbà á létí, ó sì ré sódò. Odò gbé e mì, kò tilẹ̀ yún un lọ́fun. Ọ̀gá wa, ẹnjiníà tó ń fi bírò gbá tábìlì bó bá ń ronú, ní, "Ìyá Ẹyẹ, ọ̀kan ló kù. Bí èyí náà bá wọ omi, ẹ̀ ń padà sídìí lẹ́tà títẹ̀ nìyẹn." Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí àkókò tún pé, mo ya òpó kìíní dé ẹkẹfà, mo fo ikeje, mo bọ́ sórí ikẹjọ.

Báwo ni mo ṣe wá ní fọ́tò òpó keje nínú ìwé? Ẹ gbọ́ ọgbọ́n burúkú. Òpó kẹfà àti ikeje jọra bí ìbejì, àfi pé páìpù omi òjò wà lápá òsì ẹkẹfà, ó sì wà lápá ọ̀tún ikeje. Mo gbé fọ́tò ẹkẹfà sórí kọ̀ǹpútà, mo gé nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò, mo yí i sódì bí ẹni yí ẹ̀wù padà, páìpù bọ́ sápá ọ̀tún. Mo kọ "òpó keje" sábẹ́ rẹ̀. Mo tún rẹ́rìn-ín! Mo ní orí mi pé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mo tún ṣe é, nígbà kẹta ó ti di bárakú.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, Bàbá Okùn wọlé ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, kò jókòó. Ó ní, "Ọ̀gá, mo kan òpó keje lọ́jọ́ Ẹtì. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ń dún bí ìkòkò tó sán. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." Ọ̀gá gbá bírò mọ́ tábìlì, ó kọjú sí mi. "Ìyá Ẹyẹ, kí ni fọ́tò yín wí?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bọ́ ọ sílẹ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Òpó keje ń dán bí ẹyin, ọ̀gá." Mo tún gbé fọ́tò náà sára ògiri kí gbogbo wọn rí i. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́, ó wá wojú mi. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Ó kàn ní, "Ó dáa náà," ó sì fi òòlù sápò.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, pé etí rẹ̀ ti ń tàn án. Ọ̀rọ̀ kò dúró síbẹ̀. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní orí rẹ̀ ti ń yí. Ẹni tó ń gẹrun lójú ọ̀nà wa sọ ọ́ fún àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀, ó di pé bí Ẹ̀gbọ́n bá ń kọjá, àwọn èèyàn á máa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ni a fi ń mọ̀ bóyá afárá yè, òun ni mo sọ di arúgbó asínwín. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu mi ì bá dá orúkọ rẹ̀ padà, mo sì jókòó lé gbólóhùn náà bí adìẹ lórí ẹyin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún yìí, ọkọ mi wọlé pẹ̀lú ojú rírẹ̀. "Wọ́n ní ojoojúmọ́ ni Ẹ̀gbọ́n ń lọ sábẹ́ afárá pẹ̀lú àkàbà. Àbí òótọ́ ni wọ́n ń sọ ni?" Mo dá a lóhùn pé n ó lọ wò ó. Mo bá a nídìí òpó keje, létí odò, níbi tí ẹsẹ̀ lè dé. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Iṣẹ́ tí fọ́tò rẹ kò ṣe." Ó nawọ́ sí odò. "Wo koríko omi yẹn. Iwájú òpó ló máa ń kó jọ sí, níbi tí omi ti ń bọ̀. Nínú fọ́tò tí o gbé sára ògiri, ẹ̀yìn òpó ló wà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi rọ̀ lórí omi yìí. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ìyàwó."

Mo jókòó sórí òkúta. "Ẹ mọ̀ látọjọ́ yẹn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo sọ ti afárá, wọ́n ní mo ti darúgbó. Tìẹ ló kù tí mo lè sọ. Ṣé kí n wá ká ìyàwó àbúrò mi mọ́ ibi ayédèrú lójú gbogbo wọn ni? Mo ní kí n máa ṣọ́ ọ fúnra mi ná." Ó fi simẹ́ńtì funfun kan hàn mí lókè níbi tí orí àkàbà dé, pẹlẹbẹ, tóóró, tí ó lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó sán. Ó ní bí òpó bá yẹ̀ díẹ̀, simẹ́ńtì náà á ṣẹ́. "Mo ti pinnu pé bó bá ṣẹ́, kò sí ìyàwó, kò sí àbúrò. Àárín títì ni n ó dùbúlẹ̀ sí kí ọkọ̀ má baà kọjá."

"Ṣé kò tíì ṣẹ́?"

"Ó ṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ilé rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yà, kí n tó lọ sí títì."

Mo sáré, èmi abiyamọ ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, mo sáré lọ gbé dúróònù. Kí n tó padà dé, Ẹ̀gbọ́n ti gun àkàbà pẹ̀lú agboòrùn pupa ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, ó ń pariwo sí àwọn àwòdì: "Ẹ wá bá mi jà, ẹ̀yin aláìlójútì! Èmi nìyí!" Àwọn ẹyẹ já lé agboòrùn. Èmi fi dúróònù gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n kọlu òpó. Mo ya ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi tó sán sì hàn gbangba, ó gùn tó apá ènìyàn, ìka lè wọ ibẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Ọ̀gá ti ní kí wọ́n ti afárá pa. Kò sí ẹni tó fara pa. Títí dòní, mo ń dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rò pé mo ti yí padà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti hu ìwà tó burú jù. Ọ̀gá bi mí pé, "Ìgbà wo ni èyí bẹ̀rẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Mo ní, "Tuntun ni, ọ̀gá. Kò sí níbẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn." Báyìí ni mo pa òtítọ́ Ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mo sì tún di akọni lórí òkú òtítọ́ náà. Wọ́n tún òpó ṣe, wọ́n ṣí afárá padà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n pè mí síwájú, ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ rántí? Láti iwájú yẹn ni mo ti rí Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ jókòó sórí àga kan. Obìnrin tó ń tọ́ àwọn àlejò sọ́nà dá a dúró, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tan ọmọdé: "Bàbá, ẹ máa lọ sẹ́yìn, ẹ má dààmú ara yín." Ó lọ sẹ́yìn. Ó dúró lórí ìdúró, ó sì pàtẹ́wọ́ fún mi ju gbogbo yín lọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ yàrá Ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé, tí mo mú Ẹ̀gbọ́n dání, tí mo to fọ́tò ayédèrú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀gá kò gbá bírò rárá. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ bá a wí, ẹ má lé e. Èmi náà jẹ̀bi, kò yẹ kí n dákẹ́." Ọ̀gá bá wa wí títí etí wa fi gbóná. Wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sínú ìwé mi. Fún ọdún kan gbáko, n kò gbọdọ̀ fò láìjẹ́ pé Bàbá Okùn dúró tì mí, gbogbo òpó ìlú yìí ni a ó sì tún yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti pè é padà. A ti ya mẹ́rìnlá. Ó ń kan òpó, mo ń ya fọ́tò, a sì ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí àléébù. N kò gbádùn iṣẹ́ tó báyìí rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ sọ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ibi tí ẹ kò bá dé, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò dé ibẹ̀. Ní ti àforíjì mi, ìgbà tó bá wù yín ni kí ẹ fún mi, mo lè dúró. Ti Ẹ̀gbọ́n ni kò gbọdọ̀ pẹ́. Bí ẹ bá rí i lábẹ́ afárá lọ́la, tó gbé etí lé òpó, ẹ má mi orí, ẹ má sì sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹ dúró, ẹ kí i, ẹ bi í pé, "Bàbá, kí ni òpó wí?" Ohunkóhun tó bá sì sọ fún yín, ẹ gbà á gbọ́.