Ìka Tí Mo Nà sí Nwanze

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ lọ́nà ju bó ti yẹ lọ, èmi ni mo sì dá a dúró. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú mi ní pálọ̀ mi ní Iyaro, nílùú Bìní. Ó gbé ọsàn wá, ó sì mú bébà kan tí ó fi ọ̀rá wé lọ́wọ́. Comfort Nwanze ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Yorùbá Ìbàdàn ló sọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ fi bàbá mi pamọ́ nígbà ogun. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó gbà á là.” Èmi ni mo pa bàbá rẹ̀. N kò mú ìbọn, n kò mú àdá. Ìka kan ṣoṣo ni mo lò. Èmi ni Jíbọ́lá Èṣùbíyì, tí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá ìlú Bìní ń pè ní Bàbá Òǹkọ̀wé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. Dókítà ti sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló ń lé mi sọ̀rọ̀. Eékún obìnrin yẹn lórí kápẹ́ẹ̀tì mi ni.

Ní ọdún 1967, mo ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kékeré kan ní ojú ọ̀nà Siluko. Nwanze, ọmọ Ìgbò láti ìhà Asaba, ni olóòtú wa. Pẹ́ńsù pupa kì í kúrò létí rẹ̀. Òfin kan ló ní: ohun tí ẹnu méjì kò bá jẹ́rìí sí, a kì í tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá kọ ohun tí n kò fi ojú mi rí, yóò fa ìlà pupa gba orí rẹ̀ kọjá, yóò sì bi mí níṣojú gbogbo ilé iṣẹ́ pé, “Jíbọ́lá, o rí i? Ta ló sọ fún ẹ?” Akínwùmí, tó ń to lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé fún wa, a bú sẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá tún ti fi ata sójú ọ̀rọ̀ Jíbọ́lá o!” Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi kì í dùn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà gba ìlú. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gbà á padà, àwọn kan tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ilé àwọn ọmọ Ìgbò fún àwọn sójà tó ń wá wọn pa. Ìyàwó Nwanze tó lóyún ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn ṣáájú, ṣùgbọ́n Nwanze fúnra rẹ̀ kò rí ọ̀nà sá. Mo fi í pamọ́ sínú yàrá tí a ń kó bébà sí, lẹ́yìn àwọn ìdì ńlá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé gààrí àti omi fún un. Èyí jẹ́ òtítọ́. Orí òtítọ́ ọjọ́ mẹ́rin yìí ni mo kọ́ ilé irọ́ mi lé. Ìdí nìyẹn tí kò fi tètè wó.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo kọ ìròyìn kan láti yin àwọn tó gba ìlú padà. Mo kọ ọ́ pé ìyà kankan kò jẹ ará ìlú. Mo sì mú un tọ Nwanze lọ níbi tó lúgọ sí, nítorí n kò tíì fi ìròyìn kankan síta rí kí ó má kọ́kọ́ kà á. Ẹni tí ikú ń wá kiri yọ pẹ́ńsù létí, ó fa ìlà gba orí gbólóhùn náà kọjá. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Jíbọ́lá, o rí i? Ta ló sọ fún ẹ?” Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bí o bá tẹ èyí, mo máa jáde wá nà ẹ́.” Àwàdà ni. Akínwùmí, tó tẹ̀ lé mi wọlé, fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ìlà pupa yẹn. Mo ń sọ nínú ara mi pé ẹni tí mo ń bọ́, tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ṣì ń ṣe ọ̀gá lé mi lórí.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí sójà mẹ́ta wọlé. Wọ́n da àpótí lẹ́tà nù, wọ́n yọjú wo yàrá bébà, wọn kò rí nǹkan kan. Olórí wọn ní, “Oya, make we dey go.” Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan ti wà lójú títì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dúró níbí, nítorí ibí yìí ni mo ti ń sá fún láti ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ẹnikẹ́ni kò gbé ìbọn sí mi láyà. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan. Mo pè wọ́n padà. Mo ní, “Oga,” mo sì na ìka sí ìdì bébà kẹta. Nwanze fúnra rẹ̀ ló dìde jáde. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó wò mí, ó yọ pẹ́ńsù létí, ó fi í lé orí tábìlì mi. Wọ́n mú un gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n ní kí Akínwùmí tẹ̀ lé àwọn. Mo gbọ́ ìbọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó sórí àga rẹ̀. Ìròyìn mi jáde bí mo ṣe kọ ọ́, láìsí ìlà pupa kankan.

Nígbà tí ogun parí, àga tó ṣófo pọ̀ nílùú. Àwa tí a jókòó sórí wọn la di ẹni ńlá. Ní ọdún 1979 tí ìṣèlú padà dé, àwọn olóṣèlú kan ń wá ẹni tí yóò sọ fún aráyé pé ọwọ́ wa mọ́. Mo kọ ìwé fún wọn. Ní orí keje rẹ̀, mo fi Nwanze pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo ró ìró fún un, mo wé gèlè fún un, ó sì gba ojú ọ̀nà Siluko lọ láàyè. Wọ́n fi ìwé náà ṣe ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n fi mí ṣe olùdámọ̀ràn fún ìjọba. Àwọn ọmọdé ń ka orí keje sókè níwájú mi, èmi náà ń mi orí, mo ń nu ojú gbígbẹ. Ó ń rí mi lára. Ìwé ogun tí mo ti kà kò níye, n kò sì tíì ka èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ na ìka. Gbogbo wa la fi ènìyàn pamọ́. Ta ló wá pa àwọn tó kú?

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Ní ọdún 1984, ìyàwó Nwanze kọ lẹ́tà sí mi. Comfort ti ka orí keje ní kíláàsì, ó sì ti mú ìwé náà lọ sílé. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ẹbí ọkọ òun ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣe ìsìnkú láìsí òkú, kí òun lè bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, kí òun sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ó bi mí léèrè: “Ṣé lóòótọ́ ló lọ láàyè? Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n sin ín.” Mo mú bébà, mo kọ ìlà kan: “Mo fi ojú mi rí i tó lọ.” Mo bu ọwọ́ lù ú. Ajá tó bì, tó tún padà lá èébì rẹ̀, sàn jù mí lọ; òun kò fi èébì náà ránṣẹ́ sí opó.

Lẹ́tà yẹn ni Comfort fi ọ̀rá wé wá. Ìyá rẹ̀ ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìbàdàn. Kò sin ọkọ, kò fẹ́ ẹlòmíràn. Comfort ní, “Bàbá, ohun kan ṣoṣo ni màmá ní kí n bi yín. Nígbà tí dádì ń lọ, ṣé ó bojú wẹ̀yìn?” Ọmọ mi Fọláyẹmí ń gbé omi bọ̀ fún àlejò. Ó rí ojú mi. “Daddy, wetin dey worry you?” Mo ní kí ó jókòó, mo sì sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà mí. Comfort kò sunkún. Ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́. Ó ní, “Mo kúnlẹ̀ fún ẹ.” Kò pè mí ní ẹ̀yin mọ́. “Jókòó, kọ ọ́. Ọwọ́ tó kọ lẹ́tà yìí náà ni kó kọ ọ́. Mi ò lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún màmá mi. Kọ ibi tó wà, kí n kà á fún un kó tó kú.” Ó kó ọsàn rẹ̀, ó lọ. Fọláyẹmí bú sẹ́kún: “Daddy, abeg, no write am. Think of us na. My pikin dem read that book for school.” Mo ní, “Ọmọ mi, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo ti fi ro ti ara wa. Ó tó gẹ́ẹ́.”

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ fún àjọ̀dún wa. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé, ibi tí ẹ bá ti rí i pé ẹ dára jù nínú ìtàn yín, ẹ tún ibẹ̀ yẹ̀ wò.

Màmá Comfort, kò lọ; nítorí náà kò bojú wẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pa á, Akínwùmí sọ fún mi pé àwọn sójà mú kí òun gbẹ́ ilẹ̀ sin ín lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí a ti ń sun àjákù bébà. Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà ló wà níbẹ̀ báyìí. Èmi fúnra mi kò rí i. Ẹnu kan ni, ẹnu èmi tí mo ti purọ́ fún yín rí. Akínwùmí ṣì wà láàyè ní Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo pe ọmọ rẹ̀, Fikáyọ̀, lánàá. Ó ní òun yóò bi í. Títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní tí mo parí ìwé yìí, ẹnu kejì kò tíì dáhùn.